Nagasaki láti aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́: ibo ni ká kọ́kọ́ lọ nígbà tí ọkọ̀ òkun bá dúró?

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tí a fẹ́ wọ̀ yóò dúró ní Nagasaki lórílẹ̀-èdè Japan, ní èbúté Matsugae, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà wọlé ní aago 4:30. Àwa mẹ́rin ni: àgbà méjì, ọmọ ọdún 12 kan, àti màmá wa tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Wọ́n lè rìn díẹ̀díẹ̀, àtẹ̀gùn ni ìṣòro wọn. Ibi tí àdó olóró átọ́míìkì ti bú gbàmù ni wọ́n fẹ́ rí jù. A tún gbọ́ nípa ọgbà Glover, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, Dejima, àti erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Ìrìn àfẹ́ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń tà wọ́n gan-an. Ṣé a lè dá a ṣe? Pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ni àwa mẹ́ta ní, ti Nàìjíríà lọ́wọ́ màmá.

Ẹ̀gbọ́n_Èbúté
Ẹ lè dá a ṣe, Àǹtí. Inú ìgboro ni Matsugae wà. Ẹ kò nílò bọ́ọ̀sì láti jáde ní èbúté bó ṣe rí ní Hakata, èbúté ìlú Fukuoka.

Físà màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bójú tó, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ọjọ́ 90 ní Japan, ẹni tó ní ti Nàìjíríà nílò rẹ̀. Láti 2015 ni Japan ti ní ìyọ̀ǹda pàtàkì kan fún àwọn èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìjọba ti fọwọ́ sí nìkan ló kàn, ọkọ̀ ló sì ń bá èrò béèrè fún un. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ gba èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ìdáhùn orí fóònù kò tó. Ohun mìíràn tó ń kó èèyàn síṣòro: bí ọkọ̀ bá gbéra ní Japan, tó yà sí Busan ní South Korea, tó tún padà wá sí Nagasaki, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti tán nígbà tí ẹ kúrò ní Japan lákọ̀ọ́kọ́. Ti ìwọlé púpọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. South Korea náà yóò béèrè físà tirẹ̀ lọ́wọ́ màmá.

Ní ti ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ibi tó jìnnà jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Agbègbè Urakami, níbi tí àdó olóró náà ti bú, jìnnà tó kìlómítà 5 sí èbúté, ní ìhà àríwá. Ọgbà Glover àti ṣọ́ọ̀ṣì Oura kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 10 lọ láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe é lódì: wọ́n á jáde, wọ́n á rí Glover lókè lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á gùn ún lọ. Tó bá fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti wà ní Urakami, ojú aago ni wọ́n á sì máa wò dípò ohun tí wọ́n wá rí. Ẹni tó bá ṣe é bí mo ṣe sọ, bí nǹkan bá tilẹ̀ falẹ̀, tòsí ọkọ̀ ló wà.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago 8, kí ẹsẹ̀ yín ti wà nílẹ̀ ní aago 8. Bí Nagasaki bá jẹ́ èbúté àkọ́kọ́ yín ní Japan, wọ́n á ya fọ́tò ojú èrò tó ti pé ọmọ ọdún 16, wọ́n á sì gba àmì ìka ọwọ́ wọn. Lórí ọkọ̀ tó kó èèyàn 3,000, ẹ fi aago 9:30 sọ́kàn.

Onítíráàmù
Mo fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tíráàmù dáadáa, torí òun ni gbogbo ìlú ń wọ̀.

Ìdúró tó sún mọ́ yín jù ni Oura Kaigan, ìrìn bí ìṣẹ́jú 5 láti ẹnu ọ̀nà èbúté. Nọ́ńbà 5, aláwọ̀ ewé, ló ń gba ibẹ̀. Ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Hotarujaya. Nọ́ńbà 5 kò dé Urakami o. Ìdúró kejì sí ibi tí ẹ ti wọlé ni Shinchi Chinatown. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wọ nọ́ńbà 1, aláwọ̀ búlúù, tó ń lọ sí Akasako. Oríta ni Shinchi wà, ìdúró nọ́ńbà 1 kò sí lójú kan náà pẹ̀lú ibi tí nọ́ńbà 5 já yín sí, ẹ ó yí kọ́nà. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń jókòó pa sínú nọ́ńbà 5, ó di Meganebashi kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀nà ti yà.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé, ti iwájú ni wọ́n ń gbà jáde, ìgbà tí ẹ bá ń jáde lẹ ó sanwó. Iye kan náà ni, ibi yòówù tí ẹ bá lọ, nǹkan bíi yen 150 fún àgbàlagbà. Àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kì í fúnni ní ṣéńjì. Ẹ̀rọ ìṣẹ́wó wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ yen 1,000 onítákàdá sí owó ẹyọ, ẹ ó wá ka iye tó pé sínú àpótí. Kò gba yen 5,000 àti 10,000. Ẹ ṣẹ́ owó nígbà tí ọkọ̀ bá dúró síbi iná ojú pópó. Ẹ má dúró di ìgbà tí èrò 20 bá ti tò sẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá ń san owó lọ́wọ́, nígbà tí ẹ bá ń bọ́ sílẹ̀ ní Shinchi, ẹ sọ fún awakọ̀ pé "norikae", yóò fún yín ní bébà kékeré kan tí ẹ ó fi wọ nọ́ńbà 1 láìsan owó mìíràn. Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ní káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, bíi Suica, ICOCA, SUGOCA tàbí nimoca kò nílò bébà: wọ́n á fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá jáde, ẹ̀rọ á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ìrìn kan náà ni. Káàdì kan, ẹni kan.

Tíkẹ́ẹ̀tì odindi ọjọ́ kan wà ní yen 600, wọn kì í tà á nínú tíráàmù. Ó dìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ kó tó rà yín padà, ètò tí mò ń rí yìí kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Ẹ ṣé, Onítíráàmù. Àmọ́ ẹ ti gbàgbé orúnkún màmá. Bí ọkọ̀ ńlá bá gúnlẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ yẹn nọ́ńbà 5 máa ń kún dẹ́nu, ọ̀pọ̀ tíráàmù àtijọ́ sì ní àtẹ̀gùn gíga lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tuntun tí ilẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀ kò pọ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, takisí ni kẹ́ ẹ fi lọ, kẹ́ ẹ fi tíráàmù bọ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin gba inú takisí kan, ó sì máa ná yín ní nǹkan bíi yen 2,000 sí 3,000, ìṣẹ́jú bí 20. Awakọ̀ ló ń fi ẹ̀rọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tó sì ń tì í, ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ fi ohun tí mo kọ yìí hàn án lórí fóònù: 長崎原爆資料館. Mùsíọ́ọ̀mù àdó olóró nìyẹn.

Ìdí tí mo fi yan mùsíọ́ọ̀mù kó jẹ́ ibi àkọ́kọ́ ni pé orí òkè díẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá fi tíráàmù wá gbọ́dọ̀ gun òkè dé ibẹ̀ láti ìdúró Genbaku Shiryokan. Bí takisí bá já màmá sílẹ̀ lókè, ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo ìrìn tó kù: láti mùsíọ́ọ̀mù sí pápá tó wà gẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ibi tí àdó náà ti bú, kẹ́ ẹ sì wá ré kọjá sí Ọgbà Àlàáfíà. Orí òkè kékeré ni Ọgbà Àlàáfíà wà, àmọ́ àtẹ̀gùn oníná wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màmá kò ní gùn ún lẹ́sẹ̀. Ìdúró Heiwa Koen wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, nọ́ńbà 1 ni ẹ ó tún wọ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí tó ń lọ sí Sofukuji.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré la mùsíọ́ọ̀mù yẹn kọjá. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo máa ń dábàá. Yen 200 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, 100 lọ́wọ́ ọmọ, aago 8:30 ni wọ́n ń ṣí i.

August 9, 1945 ni àdó náà bú, ní aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 2 àárọ̀. Ìlú Kokura ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kọ́kọ́ forí lé. Wọn kò rí ilẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n bá kọjá sí Nagasaki. Nǹkan bíi mítà 500 lókè agbègbè Matsuyama ni àdó náà ti bú. Ìjọba ìlú ṣírò àwọn tó kú títí di òpin 1945 sí nǹkan bíi 74,000. Nígbà tí ẹ bá wọlé, aago ara ògiri kan ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, igi ara rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró gbọn-in lórí 11:02. Síwájú sí i ni àwọn ìgò tí iná yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Àwọn fọ́tò àwọn tó farapa le gan-an. Fún ọmọ ọdún 12, kí ẹnìkan nínú yín ṣíwájú, kó wo yàrá kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó wọ ibẹ̀.

Ní pápá tó wà nísàlẹ̀, òpó òkúta dúdú kan ló sàmì sí ibi tí àdó náà ti bú lókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé apá kan lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Urakami sí, èyí tó kù lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wó. Kò sí odi, ẹ lè sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wo bí òkúta rẹ̀ ṣe dúdú. Ère ńlá tó wà ní Ọgbà Àlàáfíà, iṣẹ́ ọwọ́ Kitamura Seibo ni, 1955 ni wọ́n ṣí i. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà sókè sí ibi tí ewu ti wá, ti òsì nà gbalaja fún àlàáfíà.

Gbọ̀ngàn ìrántí ìjọba àpapọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni. Ó dákẹ́, ó tutù, ibi tó dáa kí màmá jókòó sinmi kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ ni. Bí ọkọ̀ yín bá bọ́ sí August 9 gan-an, ayẹyẹ ìrántí máa ń wáyé láàárọ̀ ní Ọgbà Àlàáfíà. Ẹ yí ètò padà lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án.

Àdùkẹ́_Leeds
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Ó ti ń yé mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù: (1) erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé yẹn ńkọ́? (2) òkè Inasa tí wọ́n ní a ti ń rí gbogbo ìlú? (3) oúnjẹ, torí Mùsùlùmí ni ọkọ mi.

Ṣẹ́gun_Atúkọ̀
Erékùṣù yẹn ni Hashima, tí wọ́n ń pè ní Gunkanjima. Ibi tí ilé iṣẹ́ Mitsubishi ti ń wa èédú lábẹ́ òkun ni. Ní 1959, èèyàn 5,259 ló há sórí ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó ìdajì kìlómítà; ní 1974 wọ́n ti ibi ìwakùsà náà pa, gbogbo wọn sì kó lọ. Lóòótọ́, ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ tiyín, mo ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ìrìn náà gba wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, kò sì dájú pé ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Òfin ìlú ni pé bí ìgbì bá ga ju ìdajì mítà lọ, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá yára ju mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ já èrò sílẹ̀. Ìgbì ìdajì mítà kò jẹ́ nǹkan kan lójú òkun, nítorí náà wọ́n sábà máa ń yí i po lásán ni. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣí agboòrùn, àtẹ̀gùn sì wà. Ẹ kò lè fi kún Urakami lọ́jọ́ kan náà kẹ́ ẹ sì gbádùn èyíkéyìí nínú wọn.

Inasa, mítà 333 ni gíga rẹ̀, ọkọ̀ orí okùn ló ń gbé èèyàn lọ sókè. Iná ìlú lálẹ́ ló sọ ọ́ di olókìkí, ẹ̀yin yóò sì ti kúrò ní aago 5. Ẹ fò ó.

Alfa_Sùlú
Ní ti oúnjẹ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Oúnjẹ tí gbogbo ìwé ìrìnàjò á sọ pé kẹ́ ẹ jẹ ní Nagasaki ni champon, núdù nínú omi ọbẹ̀ pẹ̀lú kábéèjì àti àwọn ohun inú òkun. Shikairo, ilé oúnjẹ tí wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1899, wà nísàlẹ̀ òkè Glover. Egungun ẹlẹ́dẹ̀ àti ti adìyẹ ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ náà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tún wà lórí rẹ̀. Kí wọ́n ṣa ẹran kúrò kò yí nǹkan kan padà. Sara udon, èyí tí núdù rẹ̀ le kókó, ọ̀kan náà ni. "Toruko raisu" tí ẹ ó rí lára ògiri ilé oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Turkey inú rẹ̀ mú yín rò pé ó jẹ́ hàláàlì: ẹlẹ́dẹ̀ díndín ni wọ́n sábà ń gbé lé ìrẹsì náà.

Ohun tó dájú jù: ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀ yó nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ ra onigiri (ìrẹsì tí wọ́n dì bí ìṣù) ẹja salmon tàbí ti plum ní ṣọ́ọ̀bù kékeré fún ọ̀sán, kẹ́ ẹ padà jẹun nínú ọkọ̀ ní aago 4. Ẹ fi fóònù túmọ̀ ohun tó wà lára ọ̀rá kẹ́ ẹ tó ra nǹkan. Ẹ wo pàápàá bóyá "豚" wà níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn, tàbí "酒", ọtí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Èbúté
Alfa, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ẹ má mú ẹran tàbí èso sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Sọ́sééjì orí tábìlì àárọ̀, ápù, ọsàn, títí dé kílíṣí tí ẹ gbé láti ilé, òfin Japan kò gba èyíkéyìí, ajá tó ń gbóòórùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà èbúté nígbà mìíràn. Bísíkíìtì àti omi kò ní wàhálà. Ẹ mú àpò kékeré kan fún pàǹtírí, torí ẹ kò ní rí agolo ìdalẹ̀nù lójú títì.

Òfin tún ní kí àjèjì máa mú pásípọ́ọ̀tù dání. Bí ọkọ̀ bá gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Aago ńkọ́? Bí ọkọ̀ yín bá ń bọ̀ láti Shanghai tàbí Taiwan, Japan fi wákàtí kan ṣíwájú. Fóònù yín á yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n aago ọkọ̀ lè má yí. Aago 4:30 ti ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti fóònù. Ẹ wo aago ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Owó: yen 15,000 lọ́wọ́ tó fún ẹ̀yin mẹ́rin. Ẹ̀rọ ATM inú 7-Eleven àti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gba káàdì òkèèrè.

Ìyá_Ìbejì_Houston
Glover ni ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bí màmá ó ṣe dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà. Ẹ padà dé Shinchi, ẹ wọ nọ́ńbà 5 tó ń lọ sí Ishibashi, kẹ́ ẹ lọ dé òpin rẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀ ni Glover Sky Road, lífìtì tó ń gun òkè ní dídàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn aládùúgbò ló ń wọ̀ ọ́ lọ sílé. Lókè, ẹ wọ lífìtì kejì tó gòkè ṣánṣán, yóò já yín sí ẹnu ọ̀nà kejì ọgbà náà, ní òkè téńté. Yen 620 ni ìwọlé. Láti ibẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ni títí dé ilé Glover fúnra rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní 1863, ilé onígi bíi ti òyìnbó tó pẹ́ jù lára èyí tó ṣì dúró ní Japan. Ẹ ó rí ọkọ̀ yín nísàlẹ̀, ẹ ó sì rí ẹ̀rọ agbẹ́rù ńlá ti 1909 ní òdìkejì omi. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú á gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn látìsàlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì Oura wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ó jáde sí. 1864 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní March 17, 1865 ni àwọn ará Urakami wá bá fadá Petitjean níbẹ̀, wọ́n sọ fún un pé Kristẹni làwọn, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 200 tí wọ́n ti fi ẹ̀sìn wọn pamọ́. Yen 1,000 ni ìwọlé, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ya fọ́tò nínú rẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta sì wà níwájú. Màmá lè jókòó sísàlẹ̀ bí orúnkún bá ti rẹ̀ wọ́n.

Onítíráàmù
Bí mo ṣe rí i nìyí: mùsíọ́ọ̀mù ní aago 10, kẹ́ ẹ kúrò ní Ọgbà Àlàáfíà kó tó di aago 12:45, Shinchi ní bí aago 1:15. Dejima kò jìnnà sí Shinchi, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, yen 520, erékùṣù àtọwọ́dá ti 1636 tí wọ́n há àwọn oníṣòwò ará Netherlands mọ́ láti 1641 sí 1859. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, kò ní ni màmá lára. Bí aago 1:15 bá lù tí ẹ kò tíì dé Shinchi, ẹ yọ Dejima kúrò, kẹ́ ẹ kọjá sí Ishibashi tààrà. Ẹ má kúrò nínú ọgbà Glover kọjá aago 3:30.

Àdùkẹ́_Leeds
Ó dára bẹ́ẹ̀. Castella, kéèkì tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Glover, ńkọ́, ṣé a lè gbé e wọ ọkọ̀?

Alfa_Sùlú
Ẹ lè gbé e. Ẹyin, ṣúgà, ìyẹ̀fun àti omi ṣúgà ni, kò sẹ́ran nínú rẹ̀. Ẹ ṣáà wo ìdí àpótí fún "酒". Ẹ ra èyí tí wọ́n ti dì pa, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba oúnjẹ tí wọ́n ti ṣí. Kírísítálì ṣúgà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àbùkù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Nagasaki nìyẹn. Ẹ wo déètì tó wà lára àpótí bí ẹ bá fẹ́ gbé e dé Leeds.